Eruku Òkúta, Ẹ̀dọ̀fóró Wa, àti Àwòrán CT

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Ìsẹ́yìn

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ó kó ọ̀pọ̀ yín wá síbí lónìí. Akọ̀wé yóò dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa àyà wa, nítorí pé ẹni tí kò rí èémí mí kò lè dúró gba owó oṣù kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti sọ ara wa di dókítà. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ alẹ́ ni a lọ. Ohun tí a fẹ́ sọ yìí, a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, a sì kà á títí ó fi yé wa. Èyí tí kò yé wa, a fi í sílẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa wà tí ó ti ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò sí ara òkúta láti ọdún mẹ́rìnlá. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún wa láyè láti sọ ìtàn rẹ̀, ó sì jókòó sí àárín yín níbí. Ikọ́ ni ó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Bí ó bá gun òkè díẹ̀, á dúró, á fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ilé ìwòsàn tí ó kọ́kọ́ lọ ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n rí àmì funfun wínníwínní, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní TB. Ó lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, kò fo ọjọ́ kan. Ikọ́ kò lọ. Wọ́n tún dá a padà sí orí oògùn lẹ́ẹ̀kejì. Ní gbogbo àkókò yìí, wọn kò rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ kan ṣoṣo nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ àìsàn náà ti jáde. Àwọn aládùúgbò kò gba omi mu ní ilé rẹ̀ mọ́. Wọ́n ya ife rẹ̀ àti àwo rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọmọ rẹ̀ kékeré béèrè lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ kan bóyá òótọ́ ni pé òun kò gbọ́dọ̀ jókòó ti bàbá òun.

Ní Ìbàdàn ni dókítà kan ti béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí. Ó ní, “Bàbá, iṣẹ́ wo ni ẹ ń ṣe?” Ó ní òun ń gbẹ́ òkúta. Dókítà ní, “Láti ìgbà wo?” Nígbà tí ó gbọ́ iye ọdún, ó gbé bírò, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n lọ ya CT àyà rẹ̀. Owó rẹ̀ ju ohun tí ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ wa ká lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀, nítorí ẹ̀yin ni ẹ dá a.

Àwòrán náà fi àwọn kókó kéékèèké hàn, tí wọ́n pọ̀ jù ní apá òkè ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ó tún fi àwọn kókó mìíràn hàn ní àárín àyà, tí etí wọn ti le yí po bí èèpo ẹyin. Dókítà tí ń ka àwòrán kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí òun rí bá àìsàn eruku òkúta mu, pàápàá fún ẹni tí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pẹ́. Sílíkósìsì ni orúkọ rẹ̀. Kì í ran ọmọ. Kì í ran ìyàwó. Inú eruku iṣẹ́ ni ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ẹ̀rọ yìí ṣe rí ohun tí fọ́tò kò fi hàn dáadáa. Fọ́tò àyà tí gbogbo wa mọ̀, ẹ́síréè, òjìji ni. Wilhelm Röntgen ni ó rí ìtànṣán rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1895. Ìtànṣán náà a máa gba inú ara kọjá. Ohun tí ó le bí egungun a dá púpọ̀ rẹ̀ dúró, ohun tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ bí ẹ̀dọ̀fóró a jẹ́ kí ó kọjá, òjìji tí ó bá sì bọ́ sí orí fíìmù ni dókítà ń kà. Òjìji wúlò, ṣùgbọ́n bí ènìyàn mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara wọn níwájú oòrùn ìrọ̀lẹ́, òjìji wọn a gun ara wọn, ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe ti ta ni. Bẹ́ẹ̀ ni egungun ìhà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń gun ara wọn lórí fíìmù. Kókó kékeré tí ó bá sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ọkàn lè wà níbẹ̀ pẹ́ kí ojú tó tó o.

Àwa ará Òkè-Ògùn mọ iṣu. Ẹ lè gbé iṣu kan lọ́wọ́ kí ara rẹ̀ dán, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ ti dúdú. Àfi kí a gé e ní ìbú, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, láti orí dé ìdí, kí a tó mọ ibi tí ó ti bàjẹ́ àti ibi tí ó ṣì dára. Báyìí ni CT ṣe ń gé àyà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kò kan ara. Ẹ̀rọ náà rí bí òrùka ńlá. Aláìsàn a dùbúlẹ̀ lórí tábìlì tí ń wọ inú òrùka náà lọ. Nínú òrùka ni ohun tí ń tú ìtànṣán jáde ti ń yí ènìyàn po, ohun tí ń gba ìtànṣán náà sì wà ní òdìkejì. Kọ̀ǹpútà a ka iye tí ó là á kọjá láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ igun, a sì fi ìṣirò hun àwòrán abala kan tẹ̀lé òmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ rí ẹ̀dọ̀fóró kínníkínní, abala kọ̀ọ̀kan lè má nípọn ju mílímítà kan lọ. Ẹ̀yin ahunṣọ tí ẹ wá bá wa ṣèpàdé, ẹ̀yin ni ó yẹ kí èyí tètè yé jù. Aṣọ tí ń jáde láti inú òfì kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá rán an mọ́ ara wọn, agbádá ni.

Ojú ibi kọ̀ọ̀kan nínú àyà ni kọ̀ǹpútà ń fún ní nọ́ńbà. Omi jẹ́ òdo. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 1,000 ní ìsàlẹ̀ òdo. Egungun wà lókè òdo. Ẹ̀dọ̀fóró tí ó dá ṣáṣá, afẹ́fẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ púpọ̀, a sì dúdú lójú àwòrán. Ibi tí eruku bá ti dá ọgbẹ́, tí ọgbẹ́ náà sì di àpá líle, nọ́ńbà rẹ̀ á gòkè, ibẹ̀ á funfun.

Godfrey Hounsfield ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn nọ́ńbà náà. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò lọ sí yunifásítì. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI ni, EMI kan náà tí àwọn àgbà inú wa mọ orúkọ rẹ̀ lára àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ ya aláìsàn kan ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó di ìgbà náà, ọmọ South Africa kan, Allan Cormack, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town, ti ṣe ìṣirò irú ohun bẹ́ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1963 àti 1964. Àwọn ènìyàn kò kà á sí púpọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1979. A ń sọ èyí kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ sí ẹ̀kọ́ alẹ́ lè gbọ́.

Orí nìkan ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn lè yà. Àyà ṣòro fún un, nítorí pé orí lè dúró jẹ́ẹ́ ṣùgbọ́n àyà kì í dúró. Ẹ̀rọ ìgbà náà ń lo ìṣẹ́jú púpọ̀ lórí abala kan, ta ni yóò séè mí fún ìṣẹ́jú mẹ́rin? Ẹ̀rọ òde òní a ya gbogbo àyà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Wọn óò ní, “Ẹ fa èémí sínú, ẹ dá a dúró,” ó sì ti parí. Ẹlẹgbẹ́ wa sọ pé ohun tí ó nira jù fún òun nínú gbogbo rẹ̀ ni èémí kan ṣoṣo yẹn.

Kì í ṣe eruku nìkan ni wọ́n ń fi CT àyà wá. Bí ọ̀kadà bá gbá ènìyàn, ó lè fi hàn bóyá egungun ìhà ti kán, bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ ti dà sí ẹ̀bá ẹ̀dọ̀fóró. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí òpó ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, wọn óò gún abẹ́rẹ́ oògùn kan sí iṣan tí yóò jẹ́ kí àwọn òpó náà tàn yòò. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, tàbí tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti bá jà rí, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un. Bí àrùn jẹjẹrẹ bá wà nínú àyà, CT ni ó ń sọ bí ó ti tóbi tó àti ibi tí ó nasẹ̀ dé, òun náà ni dókítà sì lè fi darí abẹ́rẹ́ tí yóò mú ẹran díẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò. Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà dé, àwọn dókítà ní Ṣáínà lo CT àyà púpọ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn rí bí gíláàsì tí ooru ẹnu bà. Àwọn dókítà UCH ní Ìbàdàn náà ti tẹ ìwádìí tiwọn jáde láti ọdún 2004 nínú ìwé ìròyìn West African Journal of Medicine, lórí àwọn àrùn àyà tí CT fi hàn wọ́n níbẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun òkèèrè nìkan ni a ń sọ.

Wàyí o, kí ẹ má ṣe dìde láti ibí lọ sọ fún dókítà pé CT ni ẹ fẹ́. Ìtànṣán inú rẹ̀ pọ̀ ju ti fọ́tò àyà lọ jìnnà. Fọ́tò kan jẹ́ bíi 0.1 millisievert, ìwọ̀n tí ara ń gbà láti inú ilẹ̀ àti òfuurufú ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. CT àyà kan jẹ́ bíi 6, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ọdún méjì. Bí ó bá yẹ kí ẹ ṣe é, ẹ ṣe é, èrè rẹ̀ ju ewu lọ. Bí kò bá yẹ, ẹ fi sílẹ̀. Obìnrin tí ó bá lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún wọn.

Ikọ́ tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ fún àyẹ̀wò. Inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ti ń rí kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ má sì fi ikọ́ ẹ̀gbẹ ṣeré nítorí ìtàn tí a sọ yìí. Ẹni tí eruku òkúta bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè ń mú un ju ẹlòmíràn lọ. Méjèèjì lè wà nínú àyà kan náà. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé bí ẹ bá dé iwájú dókítà, kí ẹ sọ iṣẹ́ yín àti iye ọdún tí ẹ ti ṣe é kí ó tó béèrè.

Ẹnìkan béèrè lọ́sẹ̀ tí ó kọjá bóyá CT dára fún ẹni tí ń mu sìgá. Ilẹ̀ wa yìí ti gbin tábà fún ọdún púpọ̀, ìbéèrè náà tọ́. Ní Amẹ́ríkà wọ́n fi ohun tí ó ju 53,000 ènìyàn ṣe ìwádìí kan, àwọn tí ó ti mu sìgá gan-an, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 55 sí 74. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2011: ikú láti ọwọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dín ní ìdá 20 nínú 100 láàárín àwọn tí wọ́n fi CT onítànṣán kékeré yẹ̀ wò, ju àwọn tí wọ́n fi fọ́tò lásán yẹ̀ wò lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn ohun tí CT ta wọ́n lólobó sí kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Àpá àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ní ilẹ̀ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ sí bíi tiwa, ẹ fojú inú wo iye irú àpá bẹ́ẹ̀ tí yóò máa dẹ́rù bà wá. Sìgá jíjù nù kò béèrè owó CT.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí ó dùn wá jù. Sílíkósìsì kò ní oògùn tí ń mú un kúrò. CT rí i, CT kò wò ó sàn. Àwọn òkúta ńlá tí ó yí wa ká, tí a fi ń ṣe títì, ohun tí ń jẹ́ sílíkà wà nínú wọn. Mábù Ìgbẹ́tì kò ní in tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tí a ń là kọjá kí a tó kan mábù lè ní in. Eruku tí ẹ ń rí tí ó funfun lára yín kọ́ ni ó burú jù. Èyí tí ojú kò rí, tí ó kéré débi tí ó fi ń dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, òun ni. Gèlè tí ẹ ń dì mọ́ imú kò lè dá a dúró. Omi lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: kí omi máa ṣàn sí ẹnu ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ òkúta, kí wọ́n máa wọ́n ọn sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, kí wọ́n sì fún wa ní ìbòmú tí a ṣe fún eruku kíkúnná. Láti ọdún 1997 ni ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tí ń rí sí jẹjẹrẹ ti ka eruku sílíkà mọ́ àwọn ohun tí ń fa àrùn náà. Kò sí ọ̀gá tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ó gbà á síṣẹ́, wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, pé ilé ni ó ti kó o. A gbé ìwé CT jáde. Wọ́n kà á, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè ọjọ́ tí ó gba ìwé náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pẹ́sẹ̀ jẹ.

Òfin wà, Employees' Compensation Act ti ọdún 2010. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó rẹ̀ sí àpò NSITF, ìdá kan nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́. A kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó wa sí i. Àìsàn tí iṣẹ́ fà wà nínú rẹ̀ bí ọgbẹ́ ti wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ tàbí ènìyàn rẹ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14 tí ó mọ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7, kí a sì béèrè owó gbà-máà-bínú láàárín ọdún kan. Ìwé CT ẹlẹgbẹ́ wa ti wà nínú àpò rẹ̀ fún oṣù méjì kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kà á. Òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀. Àwa tí a lè kà á kò béèrè. A jọ dá owó CT, a jọ yọ̀ pé kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ, a sì gbàgbé òfin. Ẹ̀bi náà wà lórí àwa aṣojú yín, a kò fẹ́ gbé e sí ibòmíràn. A ti kọ̀wé, a sì ń tẹ̀lé e. Èsì kò tíì dé.

Ní South Africa, àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà wúrà tí eruku kan náà bà jẹ́ lọ sí ilé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Johannesburg fọwọ́ sí àdéhùn bílíọ̀nù 5 rand. Púpọ̀ nínú wọn ti kú kí ó tó dé. Àwọn tí ó rí i gbà, ìwé ni wọ́n gbé dání: ìwé ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àti ìwé ohun tí ó wà nínú àyà wọn.

Nítorí náà, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì akọ̀wé. Orúkọ yín, ibi tí ẹ ti fọ́ òkúta, láti ọdún wo títí di ọdún wo, ẹni tí ó gbà yín síṣẹ́, ikọ́ tàbí àìlèmí tí ẹ bá ní, ni a fẹ́ kọ sí i. Àwọn ìyá wa tí ń fi òòlù fọ́ tiwọn lẹ́bàá títì náà wà nínú rẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ní ọ̀gá. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò àyà tàbí CT nílé, kó mú un wá pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Ẹ má ṣe ká fíìmù náà, ẹ má sì fi í sínú oòrùn. Ẹlẹgbẹ́ wa ni yóò kọ orúkọ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó rọra rìn dé ibẹ̀.